OWÓ ÌLÚ ÀMÁNÀ NI: Ojúṣe Ẹni tí Ń San Owó Orí àti Ojúṣe Ẹni tí Ń Ná An

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ni ìṣúra sánmà àti ilẹ̀, tí fífúnni Rẹ̀ kì í dín ọrọ̀ Rẹ̀ kù. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò mọ sí orí ìrun àti ààwẹ̀. Ó wọ inú àpò, ó wọ inú ìwé ìṣirò, ó sì wọ inú yàrá tí àwọn aláṣẹ ti ń pín owó ìlú.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, lẹ́yìn tí Ààrẹ ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wá sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà. Ẹnì kan ní sàká nìkan ni Ọlọ́hun pa láṣẹ, nítorí náà haràámù ni gbogbo owó mìíràn tí ìjọba bá gbà. Ẹnì kejì ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn aláṣẹ ń fi owó ìlú ṣe fàájì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tí ó bá fi tirẹ̀ pamọ́. Ẹnì kẹta ń bèèrè bóyá owó orí tí òun san lè dúró fún sàká. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ó dáhùn lónìí pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ná owó ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹrù tirẹ̀ ni ó wúwo jù.

Ètò ìṣúná nínú ìtàn Ànábì Yúsúfù

Ẹ ṣí Súrà Yúsúfù, láti ẹsẹ̀ 47 dé ẹsẹ̀ 49. Ọba Íjíbítì lálàá, Ànábì Yúsúfù sì túmọ̀ rẹ̀: ọdún méje ọ̀pọ̀ ń bọ̀, ọdún méje ìnira yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ọdún òjò yóò dé. Kò fi mọ sí ìtumọ̀ àlá nìkan, ó la ètò sílẹ̀ fún wọn. Ó ní kí wọ́n máa dáko fún ọdún méje náà, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ Kùránì ṣàlàyé pé ọkà tí ó bá wà nínú ṣírí kì í tètè bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbà ọ̀pọ̀ ni Ànábì Yúsúfù ti ní kí wọ́n so ọwọ́ ró. Ìjọba tí ó bá ná gbogbo ohun tí ó rí ní ọdún tí epo rọ̀bì ń pa owó, tí ó sì tún yáwó lé e, bí owó epo bá já wálẹ̀ kì yóò rí ibòmíràn na ọwọ́ sí ju àpò mẹ̀kúnnù lọ.

Ní ẹsẹ̀ 55 nínú Súrà náà, ìwà méjì ni Ànábì Yúsúfù fi jẹ́rìí ara rẹ̀ nígbà tí ó bèèrè fún àbójútó ilé ìṣúra: ó ní olùṣọ́ ni òun, onímọ̀ sì ni òun. Olùṣọ́ tí kò ní ìmọ̀ yóò fi owó ṣòfò láìmọ̀. Onímọ̀ tí kì í ṣe olùṣọ́ yóò jí owó, yóò sì mọ bí a ti ń fi ìwé bo olè náà mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ wá nínú ẹni tí a bá fún ní kọ́kọ́rọ́ ìṣúra.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Nínú ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2025, àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ tírílíọ̀nù 54.99 náírà. Tírílíọ̀nù 14.32 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú gbèsè. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí ìjọba fẹ́ ná, bíi náírà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti ní olówó kí a tó kọ́ ilé-ìwé kan, kí a tó ra oògùn kan sí ilé ìwòsàn. Gbèsè tí àná jẹ ni òní ń san. Èlé sì wà lórí rẹ̀, èlé tí Ọlọ́hun kéde ogun sí nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ̀ 279.

Bí owó tí ń jáde bá ju owó tí ń wọlé lọ, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà nílẹ̀. Ìjọba lè dín ìnáwó kù. Ó lè fi kún owó tí ń wọlé. Ó lè yáwó. Ó sì lè ní kí báǹkì àpapọ̀ tẹ owó sí i. Ọ̀nà kẹrin yìí ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí pé kò sí agbowó kankan tí yóò kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí owó bá pọ̀ sí i tí ẹrù kò pọ̀ sí i, kóńgò gàrí tí a ń rà yóò gbówó lórí, owó tí opó so mọ́ ìdí aṣọ yóò sì fúyẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú u. Ní ọdún 2023, owó tí ìjọba àpapọ̀ ti yá lọ́wọ́ báǹkì àpapọ̀ ní ọ̀nà báyìí ti di tírílíọ̀nù 22.7 náírà kí wọ́n tó sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Owó orí ni ìyẹn pẹ̀lú, kò kàn sí nínú ìwé òfin ni, tálákà ni ó sì ń san án jù.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kí ìjọba má gba owó orí rárá, kí ó sì máa ṣe ọ̀nà, kí ó máa san owó olùkọ́ àti ọlọ́pàá, kí ó má sì yáwó, ẹni náà kò tíì ṣírò.

Ǹjẹ́ owó orí lẹ́tọ̀ọ́ lẹ́yìn sàká?

Òótọ́ ni pé ìkìlọ̀ ńlá wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú hadíìsì tí Muslim gbà wá, nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń sọ bí ìrònúpìwàdà obìnrin kan ti tóbi tó, ẹni tí ń fi àbòsí gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ ńlá. Ẹni tí ó bá ń fi àbòsí gba owó lọ́jà tàbí lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó wárìrì bí ó bá gbọ́ èyí.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí wọ́n jinlẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá. Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, àti Imam ash-Shatibi, tí ó kú ní ọdún 1388, gbà pé bí ilé ìṣúra bá ṣófo, tí ohun tí ìlú kò lè ṣe aláìní sì wà nílẹ̀, olórí tí ó jẹ́ olódodo lè gba ìwọ̀n tí yóò tó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní. Ìdí rẹ̀ ni pé ìnira kékeré ni a fi ń dènà ìnira ńlá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú tí kò bá dáwó kò lè dáàbò bo ara rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí àwọn onímọ̀ ti fi májẹ̀mu dè é. Ní ọdún 1258, àwọn ará Mongol kó Baghdad, wọ́n sì pa kálífà tí ó wà níbẹ̀. Ọdún kejì kò tíì parí tí wọ́n fi ń bọ̀ wá sí Ṣáámù, tí ẹ̀rù sì dé Íjíbítì. Qutuz, ẹni tí ó gba ìṣàkóso Íjíbítì nígbà náà, pe àwọn adájọ́ àti àwọn onímọ̀ jọ, ó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ará ìlú láti fi gbógun. Bí nǹkan bá le tó báyìí, ta ni yóò bá olórí jiyàn? Shaykh Izzuddin ọmọ Abdussalam dìde. Ó ní lóòótọ́, bí ọ̀tá bá wọ ilẹ̀ Mùsùlùmí, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tí a ó fi jagun lọ́wọ́ ará ìlú. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kò sí ohunkóhun mọ́ nínú ilé ìṣúra, kí àwọn ìjòyè sì ti ta ìgbànú oníwúrà wọn àti àwọn ohun olówó iyebíye tí wọ́n kó jọ, kí ó kù fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ẹṣin rẹ̀ àti ohun ìjà rẹ̀, kí wọ́n sì di ẹgbẹ́ ará ìlú. Láti gba owó tálákà nígbà tí wúrà ṣì wà lára àwọn ìjòyè, ó ní kò lẹ́tọ̀ọ́. Ní oṣù Ramadan ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní 1260, Ọlọ́hun fún wọn ní ìṣẹ́gun ní Ayn Jalut.

Ẹ̀yin ará, ìdáhùn ìbéèrè kìíní nìyẹn. Owó orí lẹ́tọ̀ọ́ bí àìní bá jẹ́ òtítọ́, bí àwọn aláṣẹ bá ti kọ́kọ́ dín adùn tiwọn kù, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ní ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì ná an sí ibi tí a dárúkọ. Ẹ fi májẹ̀mu yìí wo àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí àwọn aláṣẹ ń tò lẹ́sẹẹsẹ, àti ìrìn àjò ẹlẹ́ni púpọ̀ sí òkè òkun. Bí ẹni tí ó di ìgbànú wúrà bá ń sọ fún ẹni tí kò ní bàtà pé kí ó fi ara dà á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè wọ ọkàn.

Bí a ti ń pín ẹrù

Nígbà tí Kálífà Harun ar-Rashid ní kí Imam Abu Yusuf, akẹ́kọ̀ọ́ Imam Abu Hanifah, kọ ìwé fún òun lórí owó ilẹ̀, ìmọ̀ràn tí ó fún un ni pé kí ó máa gba ìpín nínú èso tí oko bá mú jáde, dípò iye kan náà lórí ìwọ̀n ilẹ̀. Bí ọdún bá dára, ìjọba yóò rí púpọ̀. Bí ọ̀dá bá dá, àgbẹ̀ kò ní ta ọmọ rẹ̀ lọ́fà nítorí owó ilẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, Sayyidina Umar ọmọ al-Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) dá gbígba sàká dúró ní ọdún ìyàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Ramada, títí òjò fi rọ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé. Ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1947, àwọn obìnrin ọlọ́jà dìde, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ṣáájú wọn, nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, nígbà tí obìnrin kò ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún sáà kan. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde nítorí pé owó kòkó kò tó nǹkan, owó orí kò sì yé lé wọn lórí. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó náà kù sí pọ́n-ùn 2. Ohun tí Abu Yusuf ti fi ìmọ̀ràn sọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni a fi kọ́ ọ.

Òfin tuntun yìí ní ibi tí ó sún mọ́ ìmọ̀ràn náà, ó sì yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju 800,000 náírà lọ lọ́dún kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ẹni tí ń gba 100,000 náírà lóṣù, mílíọ̀nù 1.2 ni tirẹ̀ lọ́dún: kò sí owó orí lórí 800,000 àkọ́kọ́, lórí 400,000 tí ó kù, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn 60,000 lọ́dún, tàbí 5,000 lóṣù. Yóò tilẹ̀ dín sí i bí wọ́n bá yọ owó ìfẹ̀yìntì, àti ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ó ń san, tí èyí kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 lọ. Bí owó bá ti ń pọ̀ ni ìpín rẹ̀ ń ga, títí dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó orí ọjà ṣì wà ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ gbà á lórí oúnjẹ ojoojúmọ́, oògùn àti owó ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá lo ìdẹ̀kùn tí òfin fún un kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tí wọ́n bá sì ní kí ó san ju bí òfin ti wí lọ, kí ó bèèrè ìwé.

Ẹni tí ń fi owó rẹ̀ pamọ́

A dé orí ìbéèrè kejì. Ǹjẹ́ àbòsí olórí sọ irọ́ mi di haláálì? Rárá. Ànábì wa kọ́ àwọn Sàábé pé ìgbà kan ń bọ̀ tí àwọn aláṣẹ yóò máa fi ara wọn ṣáájú nínú owó ìlú. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tí àwọn yóò ṣe, ó ní kí wọ́n san ẹ̀tọ́ tí ó wà lọ́rùn wọn, kí wọ́n sì bèèrè tiwọn lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Èyí kò ní kí a dákẹ́: Ànábì wa kan náà ni ó ka ọ̀rọ̀ òdodo lójú olórí alábòsí mọ́ èyí tí ó lọ́lá jù nínú jìhádì. Kí a bèèrè ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wa. Kí a bi aṣojú tí a dìbò fún léèrè ibi tí iṣẹ́ ẹkùn wa dé. Ìyẹn ni ọ̀nà. Bí a bá fi irọ́ sínú ìwé, ẹni tí ó jẹ owó ìlú kò ní mọ̀ ọ́n lára. Aláìsàn tí kò rí oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí ohun mẹ́ta tí ó wà láàárín àwa tí a wà nínú mọṣáláṣí yìí. Oníṣòwò tí ó gba owó orí ọjà lọ́wọ́ oníbàárà tí ó sì fi í sápò, owó ẹlòmíràn ni ó mú. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tí ó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ tí kò sì fi í ránṣẹ́, àmánà ni ó jẹ. Ẹni tí ó sì fún agbowó ní ẹ̀gúnjẹ kí ó lè kọ iye tí ó kéré sílẹ̀, àwọn méjèèjì ni Ànábì ṣẹ́bi lé, ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà.

Ìwọ agbowó, ìwọ náà dá etí sílẹ̀. Ànábì wa rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyyah láti lọ gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó pín owó náà sí méjì, ó ní apá kan jẹ́ ti ìjọ, wọ́n sì fi apá kejì ta òun lọ́rẹ. Ànábì gun orí mínbárì nítorí rẹ̀, ó bèèrè ìdí tí kò fi jókòó sí ilé bàbá àti ìyá rẹ̀ kí ó wò ó bóyá ẹ̀bùn yóò wá bá a. Ìwọ tí o mú ìwé rìsíìtì méjì lọ́wọ́, ọ̀kan ti ìjọba, ọ̀kan tìrẹ, ìbéèrè yìí ń dúró dè ọ́. Nígbà tí Ànábì sì ń rán Muadh lọ sí Yẹ́mẹ́nì, ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣa èyí tí ó dára jù nínú dúkìá àwọn ènìyàn, kí ó sì bẹ̀rù àdúà ẹni tí a ṣàbòsí sí, nítorí kò sí gàgá láàárín rẹ̀ àti Ọlọ́hun. Àdúà ìyá alátà tí o gba igbá lórí rẹ̀ kò nílò agbẹjọ́rò.

Owó orí kò dúró fún sàká

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta kò gùn. Ìjọsìn ni sàká, òpó Ìsìláàmù ni. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni Ó ka irú ènìyàn mẹ́jọ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i nínú Súrà Tawba, ẹsẹ̀ 60. Ṣíṣe ọ̀nà àti sísan owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ní gbogbogbòò kò sí nínú wọn. Owó tí o ti san fún ìjọba ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Wo èyí tí ó kù; bí ó bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún sì yí i ká, yọ náírà méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ń kùn nípa ìṣẹ́ ìlú tí kò sì yọ sàká, òun náà wà lára ohun tí ó fà á.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀; dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ètò ìṣúná kò mọ sí Abuja nìkan. Olórí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìlú kékeré tí ó ń ṣàkóso. Súrà Isra, ẹsẹ̀ 29, fi ọwọ́ tí a dè mọ́ ọrùn àti ọwọ́ tí a nà tán ṣe àpẹẹrẹ fún wa, kí a má baà jẹ́ ahun, kí a má sì jẹ́ àpà. Bí a bá ń yáwó èlé láti fi ra aṣọ ẹbí, kí ni a ó fi bá ìjọba tí ń yáwó wí? Ẹ kọ gbèsè yín sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, bí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ̀ 282, ẹsẹ̀ tí ó gùn jù nínú Kùránì. Bí Ọlọ́hun bá fi ẹsẹ̀ tí ó gùn jù sọ ọ̀rọ̀ ìwé owó, ẹ mọ̀ pé ìwé owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé lásán.

Ìgbìmọ̀ mọṣáláṣí yìí náà kò yọ sílẹ̀. Owó tí ẹ bá fi sínú àpótí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bí a ti ná an. Ẹni tí kò lè ṣe ìṣirò owó àpótí fún ìjọ kò ní ẹnu tí yóò fi bá olórí orílẹ̀-èdè wí.

Ní ọjọ́ àlùkìyámọ̀, Ọlọ́hun yóò bi ẹrú Rẹ̀ léèrè ibi tí ó ti rí owó àti ohun tí ó ná an sí. Ìbéèrè méjì ni lórí owó kan ṣoṣo. Ẹni tí ń san án yóò dáhùn, ẹni tí ń gbà á yóò dáhùn, ẹni tí ń ná an yóò dáhùn.

Ìwọ Ọlọ́hun, forí jin àwa àti àwọn òbí wa, àti gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, àwọn alààyè àti àwọn tí ó ti ṣáájú wa. Ìwọ Ọlọ́hun, fi ìbẹ̀rù Rẹ sí ọkàn àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso owó wa, fún wọn ní ìṣọ́ àti ìmọ̀ bí O ti fún Ànábì Yúsúfù, kí O sì gba ilé ìṣúra wa lọ́wọ́ olè. Ìwọ Ọlọ́hun, san gbèsè àwọn onígbèsè wa, fi haláálì tó wa, kí O má jẹ́ kí haràámù wù wá. Fi àlùbáríkà sí ọjà wa àti oko wa. Má fi ẹrù tí ó ju agbára wa lọ lé wa lórí.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, Ọlọ́hun pa yín láṣẹ déédéé àti ṣíṣe rere, Ó sì kọ àbòsí fún yín. Ẹ rántí Rẹ̀, yóò rántí yín. Ẹ dìde sí ìrun.